Ilé Là Ń Wò Kí A Tó Gba Àlejò

Ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́ ẹlẹgbẹ́ mi, àwọn àgbà bọ̀, wọ́n ní ilé là ń wò kí a tó sọ ọmọ lórúkọ. Ohun tí mo rí nílé ẹ̀gbọ́n mi ní Lọ́ńdọ̀nù nígbà ìsinmi ọlọ́jọ́ gbọọrọ fi yé mi pé ilé náà là ń wò kí a tó gba àlejò. Àlejò tí mò ń wí kì í ṣe ènìyàn. Anẹ́mọ́nì ni.

Bí ẹ bá kọ́kọ́ rí anẹ́mọ́nì, òdòdó ni ẹ ó pè é, ṣùgbọ́n ẹranko inú òkun ni. Kò ní egungun, kò ní ojú, kò sì ní ọpọlọ. Ẹnu kan ṣoṣo tó wà láàárín rẹ̀ ló fi ń jẹun, ibẹ̀ náà ni ìgbẹ́ rẹ̀ ń gbà jáde. Àwọn ọwọ́ wẹ́ẹ́rẹ́ tó yí ẹnu náà ká ń ta bí èsìsì. Irú èyí tí ẹ̀gbọ́n mi fẹ́, tí orí ọwọ́ rẹ̀ máa ń wú roboto, inú Òkun Íńdíà àti Òkun Pàsífíìkì ló ti wá. Kò sí létíkun Èkó.

Táǹkì gíláàsì ẹ̀gbọ́n mi gba 200 lítà omi. Omi iyọ̀ ni, kì í sì í ṣe iyọ̀ ọbẹ̀ o: iyọ̀ tí wọ́n pò fún iṣẹ́ náà ni, nǹkan bíi gíráàmù 35 sí lítà kan, kí ó lè dà bí omi òkun. Fún oṣù méje, ẹja méjì, ìgbín díẹ̀ àti òkúta ló wà nínú rẹ̀. Ọ̀rọ̀ náà ti sú ìyàwó rẹ̀, tí mò ń pè ní Àǹtí.

"Dádì, ìgbà wo ni òdòdó yìí ń bọ̀ gan-an?"

"Omi kò tíì gbó," ni ẹ̀gbọ́n mi máa ń fèsì.

Ìgbẹ́ ẹja àti oúnjẹ tó ṣẹ́kù máa ń di amóníà, májèlé sì ni. Àwọn kòkòrò tí ojú kò lè rí, tí wọ́n ń gbé lára òkúta, ló ń sọ ọ́ di nitrite, tí wọ́n sì ń sọ nitrite di nitrate, tí kò burú tó bẹ́ẹ̀. Ó ń gba ọ̀sẹ̀ mélòó kan kí wọ́n tó pọ̀ tó, ó sì ń gba oṣù púpọ̀ kí omi tó dúró lójú kan. Ọ̀pọ̀ ẹja lè fara da omi tó ń yí padà díẹ̀. Ó ṣòro fún anẹ́mọ́nì. Bí ó bá sì kú, kíá ni yóò jẹrà, ó sì lè kó bá gbogbo ohun tó wà nínú táǹkì. Ẹja méjì náà ni ẹ̀gbọ́n mi ń rò.

Ó tún ra iná tó mọ́lẹ̀ jù ti tẹ́lẹ̀ lọ, nítorí ewédò tíntìntín ń gbé nínú ara anẹ́mọ́nì. Wọ́n ń fi ìmọ́lẹ̀ ṣe oúnjẹ, wọ́n sì ń bù fún un. Ó fi kànìnkànìn dí ẹnu pọ́ǹpù, kí ó má baà fa àlejò náà ya.

Ọjọ́ Sátidé ló gbé e dé nínú ọ̀rá. Ó yẹ̀ ẹ́ wò: ẹsẹ̀ rẹ̀ kò ya, ẹnu rẹ̀ pa dé, àwọ̀ rẹ̀ kò ṣì di funfun. Ó ń kán omi táǹkì sí i díẹ̀díẹ̀ fún wákàtí kan, kí ó tó gbé e sínú ihò òkúta. Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, kò sí níbẹ̀ mọ́! Ọjọ́ mẹ́ta ló fi rìn káàkiri. Àǹtí fẹ́ kí wọ́n dá a padà síbi tó wà.

"Ẹ fi í sílẹ̀," ni ẹ̀gbọ́n mi wí. "Ilé ló ń wá."

Ní ọjọ́ kẹrin, ó ki ẹsẹ̀ bọ ihò mìíràn, ó sì na ọwọ́ sí ìmọ́lẹ̀. Ọkàn gbogbo wa balẹ̀.

Àwọn ẹja méjèèjì, irú èyí tó wà nínú fíìmù Finding Nemo ti ọdún 2003, kọ́kọ́ sá fún un. Lẹ́yìn náà ni wọ́n ń fi ara kàn án díẹ̀díẹ̀. Ikùn tó bo ara wọn ni kì í jẹ́ kí ó ta wọ́n. Ní ọ̀sẹ̀ kẹta, àárín ọwọ́ rẹ̀ ni wọ́n ń sùn. Bí ewé bá pẹ́ lára ọṣẹ, yóò di ọṣẹ.

Ẹ má rò pé ohun ọjọ́ kan ni. Ní ọdún 1828, Sir John Dalyell mú anẹ́mọ́nì kan nínú òkun ní North Berwick, ní Skọ́tílándì. Dalyell kú ní ọdún 1851, àwọn mìíràn gba ìtọ́jú rẹ̀, anẹ́mọ́nì náà sì wà láàyè títí di ọdún 1887.

Ẹ̀yin ará, ọdọọdún ni àwọn ọmọ tuntun ń dé sáàárín wa níhìn-ín, níbi tí wọn kì í ti í ná ọjà ní Yorùbá. Wọ́n á máa kó láti yàrá kan sí òmíràn, wọn kì í sì í la ẹnu nípàdé. Ká má fi ipá fà wọ́n sójú agbo. Ká tún ilé ṣe, ká tan iná, ká mú ohun tó lè pa wọ́n lára kúrò lọ́nà, ká sì ní sùúrù. Ohun tí a bá fẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́.

Ire o.