Tàdáwà Tí Ó Wọnú Ẹni

Ohun kékeré kan ni kò jẹ́ kí ọkàn mi sinmi láti ìgbà díẹ̀ wá: bí ènìyàn bá mú bírò dúdú, irú èyí tí àwọn ọmọ ilé-ẹ̀kọ́ ń rà lẹ́bàá ọ̀nà, tí ó sì fi kun ojú kan ṣoṣo lórí tákàdá, tí ó fà á lọ, tí ó fà á bọ̀, tí kò kánjú, títí tí kò fi sí funfun kankan níbẹ̀ mọ́, tí ó bá wá gbé tákàdá náà sí ojú fèrèsé, tí ó sì yí i sí apá kan, bàbà ni yóò rí níbi tí dúdú wà tẹ́lẹ̀, àwọ̀ pupa rúsúrúsú tí ń dán gbinrin bí ẹ̀gbà ọwọ́ Ọlọ́ṣun tí a ṣẹ̀ṣẹ̀ fi ọsàn wẹ́wẹ́ fọ̀. Láti inú dúdú wo ni bàbà yìí ti wá, nígbà tí ẹni tí ó ta bírò fún mi kò ta bàbà mọ́ ọn?

Àwòrán Tóyìn Ojih Odùtọ́lá ni ó jẹ́ kí n mọ̀ pé ẹlòmíràn ti rí ohun tí mo rí, ó sì ti fi ṣe iṣẹ́. Ilé-Ifẹ̀, orírun gbogbo wa, ni wọ́n bí obìnrin yìí sí ní ọdún 1985; ọmọdé ni nígbà tí wọ́n mú un kọjá òkun lọ sí Amẹ́ríkà, sí California lákọ̀ọ́kọ́, lẹ́yìn náà sí Alabama. Nígbà tí ó pàtẹ iṣẹ́ rẹ̀ ní New York ní ọdún 2011, bírò ni ó fi ya àwọn ènìyàn dúdú, ìlà lórí ìlà, ìpele lórí ìpele, tí ìlà kọ̀ọ̀kan ń tẹ̀ lé ibi tí iṣan gbà, tí ó fi jẹ́ pé ìmọ́lẹ̀ tí ń bẹ lára wọn kò ti ìta wá bá wọn. Inú dúdú fúnra rẹ̀ ni ó ti ń yọ. Ní ọdún 2020, ní gbọ̀ngàn Barbican ní London, ó pàtẹ ìtàn ìwáṣẹ̀ kan tí ó fi orí ara rẹ̀ hun, tí ó gbé ka àárín àwọn àpáta Plateau ní Nàìjíríà, níbi tí àwọn obìnrin jagunjagun tí ó pè ní Eshu ti ń ṣe àkóso, tí àwọn Koba, ọkùnrin tí a mọ láti máa ṣiṣẹ́ sìn wọ́n, sì wà lábẹ́ wọn. Èédú ni ó pọ̀ jù nínú ohun tí ó fi ya ìyẹn. Ayé yìn ín fún ìtàn náà, ó sì tọ́ bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n ọ̀dọ̀ bírò ni ọkàn mi dúró sí.

Mo wá tọ àwọn àgbà tí ó ti wádìí àwọ̀ àti ìyípadà lọ, àwọn tí wọ́n fi ohun tí ó lé ní ẹgbẹ̀rún ọdún wá ọ̀nà láti sọ òjé di wúrà, ní Íjíbítì, láàárín àwọn Lárúbáwá, títí dé ilẹ̀ Yúróòpù. Ohun tí wọ́n fi ń kọ́ ọmọ iṣẹ́ wọn ni pé kò sí ohun tí yóò di wúrà tí kò ní kọ́kọ́ dúdú, kí ó rà, kí ó kú. Lẹ́yìn náà ni yóò di funfun, lẹ́yìn funfun ni yóò tó di pupa. Inú ìkòkò dúdú ni ẹ̀kọ funfun ti ń jáde: kò sí ìyá ẹlẹ́kọ tí ó nílò kí ó rìn dé Íjíbítì kí ó tó mọ ìyẹn. Nítorí pé wọn kò sì fẹ́ kí ògbẹ̀rì mọ àṣírí wọn, àwòrán ni wọ́n fi bò ó: ejò tí ó gbé ìrù ara rẹ̀ mì, tí apá kan rẹ̀ dúdú tí apá kejì sì funfun, èyí tí ó wà nínú ìwé àfọwọ́kọ Gíríìkì kan ní Venice lábẹ́ orúkọ obìnrin kan tí ń jẹ́ Cleopatra, tí ó yàtọ̀ sí ọbabìnrin tí gbogbo ayé mọ̀, ọba àti ayaba nínú omi ìwẹ̀ kan náà, kìnnìún aláwọ̀ ewé tí ó ń jẹ oòrùn. Ìwọ̀nyí ni ọ̀pọ̀ nínú àwọn tí ń fi tàdáwà yàwòrán lóde òní tún ń kó jáde, èmi náà sì bẹ̀rẹ̀ sí í tú wọn, pé ejò ni ayérayé, pé oòrùn ni wúrà, pé òṣùpá ni fàdákà, títí ó fi sú mi. Bàbà tí mo rí lójú fèrèsé kò dúró fún ohunkóhun. Ó ti yí padà kí n tó bèèrè ohun tí ó jẹ́.

Ibi tí mo ti rí ilẹ̀ tẹ̀ ni ìgbà tí mo mọ ohun tí wọ́n fi ń po tàdáwà ní Yúróòpù láyé ìgbà náà. Kókó tí í yọ lára igi óákù nígbà tí agbọ́n kékeré kan bá yé ẹyin sí i ni wọ́n máa ń rẹ sínú omi. Wọn a da iyọ̀ irin sí i, iyọ̀ kan tí àwọ̀ rẹ̀ jọ ti ewé tútù. Wọn a sì fi oje igi dè é kí ó lè lẹ̀ mọ́ tákàdá. Bí a bá ṣẹ̀ṣẹ̀ fi í kọ̀wé, bàìbàì ni à ń rí i. Afẹ́fẹ́ ni í sọ ọ́ di dúdú kirikiri bí ó ti ń gbẹ. Isaac Newton, ọ̀gá nínú àwọn onímọ̀ ìṣirò, kọ ọ̀pọ̀ ìwé lórí ọ̀rọ̀ sísọ òjé di wúrà, èyí tí wọ́n lu ní gbàǹjo ní London ní ọdún 1936, ó sì kọ bí a ti ń po tàdáwà sílẹ̀ pẹ̀lú. Ẹ wá wò ó: iyọ̀ irin aláwọ̀ ewé yìí gan-an ni àwọn kan nínú àwọn àgbà náà ń pè ní kìnnìún aláwọ̀ ewé. Nítorí náà, ẹni tí ó fi irú tàdáwà yẹn ya kìnnìún sínú ìwé rẹ̀, kìnnìún ni ó fi ya kìnnìún. Irin, Ògún Lákáayé, aládàá méjì, ni ó jókòó sínú ìgò tí akọ̀wé ń ki gègé bọ̀. Ẹni náà rò pé àpèjúwe ìyípadà ni òun ń yà, ìyípadà náà sì ń ṣẹlẹ̀ lábẹ́ ọwọ́ rẹ̀ lórí tákàdá.

Àwọn ìyá wa aláró kò ní jiyàn èyí. Ewé ẹ̀lú tí a gún, tí a sì sá, ni wọ́n ń kó sínú ìkòkò pẹ̀lú omi eérú ní Abẹ́òkúta àti ní Òṣogbo, tí wọ́n sì ń dúró dè é ní ọjọ́ púpọ̀ kí ó tó kan dáadáa. Aṣọ tí ó bá kọ́kọ́ ti ibẹ̀ jáde, àwọ̀ ewé ni. Ìgbà tí afẹ́fẹ́ bá fẹ́ sí i ni í di aró, wọn a sì tún rì í, wọn a tún sá a, léraléra, títí yóò fi dúdú, wọn a wá fi kùmọ̀ lù ú lórí igi. Aṣọ tí ó bá jẹ aró yó tí ó sì jẹ kùmọ̀ yó, bàbà ni í yọ lójú rẹ̀. Bí aró bá kọ̀ tí kò mú, Ìyá Mapó, òrìṣà àwọn aláró, ni wọ́n ń bẹ̀, kò sì sí ẹni tí ó ń bèèrè lọ́wọ́ wọn pé kí ni aró náà dúró fún.

Níhìn-ín ni ọ̀rọ̀ ti bọ́ mọ́ mi lọ́wọ́, nítorí bí mo ti ń ro dúdú tí ń yí padà ni mo rántí dúdú tí mo ti mu rí. Ọmọdé ni mí, ibà dá mi dùbúlẹ̀, ìyá bàbá mi sì mú mi lọ sọ́dọ̀ ààfáà kan ládùúgbò wa. Bàbá àgbàlagbà náà kò bi mí ní ohun púpọ̀. Ó mú wàláà, pátákó tí a ti fá títí tí ó fi ń dán, ó ki gègé bọ tàdáwà tí a fi èédú àti oje igi ṣe, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í kọ̀wé láti ọ̀tún lọ sí òsì, ìlà lábẹ́ ìlà, títí pátákó náà fi kún. Mo rò pé yóò gbé e fún wa kí a lọ fi kọ́ ara ògiri. Ó da omi sí i. Ó fi àtẹ́lẹwọ́ fọ gbogbo ohun tí ó ti fi sùúrù kọ, omi dúdú ṣàn sínú àwo, ó sì gbé e lé mi lọ́wọ́, pé hàntú nìyẹn. Mo bú sẹ́kún nítorí ìwé tí ó lẹ́wà tó bẹ́ẹ̀ tí ó parẹ́ lójú mi. Màmá àgbà ní, “Mu ún, ọmọ mi, mu ún, ọkọ mi. Kò parẹ́. Inú rẹ ni ó ń lọ.” Mo mu ún. Ó ń rùn bí èéfín. Ahọ́n mi dúdú títí ilẹ̀ fi ṣú, mo sì ń yọ ọ́ wò nínú dígí. Ọmọdé kò mọ oògùn, ó ń pè é ní ẹ̀fọ́. Èmi kò pè é ní ẹ̀fọ́, àwòrán ni mo pè é.

Láti ìgbà tí ìrántí yìí ti padà dé, ìbéèrè tí mo gbé lọ bá àwọn àgbà kò wúlò fún mi mọ́. Mo ti ń bèèrè ìtumọ̀ àmì, bí ẹni pé àmì kò ní iṣẹ́ mìíràn ju kí a kà á lọ. Ààfáà yẹn kò kọ ọ́ kí èmi lè kà á. N kò mọ álífù yàtọ̀ sí báà nígbà náà. Bẹ́ẹ̀ náà ni babaláwo tí ó tẹ odù sínú ìyẹ̀rosùn lórí ọpọ́n: bí ó bá ti pe ohun tí yóò pè sí i tán, a lè bu ìyẹ̀ náà, kí a fi epo pò ó lá, tàbí kí a fi í sí orí. Ìlà parẹ́ lórí ọpọ́n, ó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ lára ènìyàn. Carl Jung, onímọ̀ nípa ọkàn ènìyàn, ará Switzerland, sọ nínú ìwé tí ó tẹ̀ jáde ní ọdún 1944 pé ọkàn ara wọn ni àwọn tí ń se òjé náà ń rí nínú ìkòkò láìmọ̀. Mo bọ̀wọ̀ fún un, ṣùgbọ́n n kò lè bá a dé òpin ọ̀nà yẹn, nítorí ó mú ọkàn wọn, ó fi ìka wọn sílẹ̀, ìka tí iyọ̀ irin ti pa láró, àti imú tí èéfín ń wọ̀. Ara ni nǹkan náà ń gbà wọlé.

Ojú yìí ni mo fi ń wo iṣẹ́ Twins Seven-Seven báyìí, ayàwòrán ọmọ Ògìdì tí a bí ní ọdún 1944, tí ó ń jó kiri tẹ̀ lé ẹni tí ń ta oògùn kí ó tó dúró sí Òṣogbo ní ọdún 1964, níbi tí Georgina Beier ti ń kọ́ àwọn ọ̀dọ́ ní yíyàwòrán ní Mbárí Mbáyọ̀. Àwọn tí ń kọ̀wé nípa rẹ̀ a máa ka àwọn iwin inú iṣẹ́ rẹ̀ lẹ́yọ lẹ́yọ, pé èyí ni báyìí, èyí ni báyìí. Èmi ń wo bí kò ti fi ibi kankan sílẹ̀ láìfi tàdáwà là á, bí inú iwin ṣe ń gba iwin mìíràn, tí ìyẹn náà sì tún ń gba ohun abẹ̀mí mìíràn sínú ìlà rẹ̀, mo sì gbà pé ẹni tí ó ti jó lẹ́yìn olóògùn ti mọ̀ tipẹ́ pé ohun tí a bá gbé síwájú èrò ní láti wọ èrò lára.

Àwòrán Odùtọ́lá kò ṣeé fọ̀ sínú àwo, dígí ni ó wà lójú rẹ̀. Ṣùgbọ́n bàbà inú bírò kì í fi bẹ́ẹ̀ wọ fọ́tò. Ẹni tí ó bá fẹ́ rí i ní láti gbé ara rẹ̀ lọ síbẹ̀, kí ó sún sọ́tùn-ún, kí ó sún sósì, kí ó bẹ̀rẹ̀, kí ó nàró, títí ìmọ́lẹ̀ yóò fi bá a ní ibi tí ó yẹ. Irú mímu kan nìyẹn, mo sì rò pé òun ni ó kù fún wa nínú ilé ìpàtẹ.

Tàdáwà irin kì í sì í dúró jẹ́ẹ́. Bí ọdún ti ń gorí ọdún, a máa jẹ tákàdá tí a fi í kọ. Àwọn orin tí Johann Sebastian Bach fi ọwọ́ ara rẹ̀ kọ, tí wọ́n wà ní ilé ìkàwé ní Berlin, ti fàya níbi tí tàdáwà ti nípọn. Àwọn onímọ̀ ń fi oògùn òyìnbó tọ́jú irú ìwé bẹ́ẹ̀ kí irin náà lè dẹ́kun jíjẹ. Inú mi dùn sí iṣẹ́ wọn, nítorí n kò fẹ́ kí orin Bach ṣòfò. Síbẹ̀ mo mọ apá ibi tí ọkàn mi tẹ̀ sí. Nínú gbogbo ohun tí ààfáà àdúgbò wa kọ ní ọjọ́ ayé rẹ̀, kò sí ilé ìkàwé kan tí ó ní ẹyọ kan. Àwa tí a mu ún ni a ṣì wà.