Ọmọ Ayò Ṣáájú Kọ̀ǹpútà

Olùkọ́ ilé-ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ni Ẹ̀gbọ́n. Ẹ̀pẹ́ ló ń gbé láti kékeré. Àbúrò rẹ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ ti London dé, Ìkòròdú ló sọ̀ sí. Ó wá kí Ẹ̀gbọ́n nílé.

ÀBÚRÒ: Ẹ̀gbọ́n mi, kí lẹ fi ń kọ́ àwọn ọmọ ní kọ̀ǹpútà?

Ẹ̀GBỌ́N: Pátákó àti ṣọ́ọ̀kì. Màá ya kọ̀ǹpútà, màá kọ orúkọ sí ẹ̀yà ara rẹ̀, wọ́n á dà á kọ. Iná gan-an, ẹ̀ẹ̀kọ̀ọ̀kan là ń rí i.

ÀBÚRÒ: Àwọn tó ní ẹ̀rọ pàápàá ṣìnà díẹ̀. Ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, bí a ṣe ń tẹ lẹ́tà ni wọ́n fi ń kọ́ ọmọ tẹ́lẹ̀. September 2014 ni wọ́n yí i padà: ọmọ ọdún 5 ti ń kọ́ bí a ṣe ń to àṣẹ fún ẹ̀rọ lẹ́sẹẹsẹ, tó sì ń wá ibi tí àṣẹ náà ti wọ́.

Ẹ̀GBỌ́N: Ọmọ tó ń ka ábídí lọ́wọ́? Nígbà tí Ambode, ọmọ Ẹ̀pẹ́ níbí, ń ṣe gómìnà Èkó, ètò CodeLagos bẹ̀rẹ̀ ní 2016. Mílíọ̀nù kan èèyàn ni wọ́n fẹ́ kọ́ bí a ṣe ń to irú àṣẹ bẹ́ẹ̀ nígbà tó bá fi máa di 2019. Èrò ńlá ni. Àmọ́ bó ti wù kí ètò tóbi tó, olùkọ́ inú kíláàsì ló máa gbé e dé ọ̀dọ̀ ọmọ.

ÀBÚRÒ: Olùkọ́ lè bẹ̀rẹ̀ láìsí ẹ̀rọ. Ẹ fún mi ní ọmọ ayò yín. Mo ṣe é ní òkìtì márùn-ún: 16, 8, 4, 2, 1. Ẹ pe iye tó wù yín, kó má ṣáà ju 31 lọ.

Ẹ̀GBỌ́N: 19.

ÀBÚRÒ: Mo mú 16. Mo fi 8 sílẹ̀, mo fi 4 sílẹ̀. Mo mú 2, mo mú 1, ó pé 19. Ká mú, ká fi sílẹ̀, kò ju bẹ́ẹ̀ lọ. Bí kọ̀ǹpútà ṣe ń tọ́jú gbogbo nọ́ńbà nìyẹn. Ní New Zealand, Tim Bell àtàwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ kó irú eré báyìí jọ, wọ́n pè é ní Computer Science Unplugged. Kò nílò iná rárá.

Ẹ̀GBỌ́N: Jẹ́ n gbìyànjú 25. Mo mú 16, mo mú 8, mo fi 4 àti 2 sílẹ̀, mo mú 1. Áà, ó yé mi! Ọmọ prámárì kejì á ṣe é. Ṣùgbọ́n ẹ̀rù kan ń bà mí: bí a bá ní ọmọ ayò tó, àwọn tó yẹ kó ra ẹ̀rọ á káwọ́ gbera. Ọmọ olówó á máa lo kọ̀ǹpútà, ọmọ tálákà á máa ṣa ọmọ ayò.

ÀBÚRÒ: Òótọ́ lẹ sọ. Ẹ̀rọ gbọ́dọ̀ dé. Àmọ́ bó bá bá olùkọ́ tí kò mọ ohun tí yóò fi ṣe, inú kọ́bọ́ọ̀dù ni yóò wà.

Ẹ̀GBỌ́N: Nofọ́rìjà, ní Ẹ̀pẹ́ níbí, ló yẹ kó ti bẹ̀rẹ̀ nígbà náà, ní kọ́lẹ́ẹ̀jì Michael Otedola tí èmi ti kọ́ṣẹ́ olùkọ́, tó di ara LASUED, yunifásítì ìmọ̀ ẹ̀kọ́ ti ìpínlẹ̀ Èkó, ní 2022. Kí gbogbo olùkọ́ tó bá jáde níbẹ̀ mọ èyí dunjú. Àbúrò mi, padà wá ní Sátidé, màá pe àwọn olùkọ́ ẹgbẹ́ mi. Lẹ́yìn ìyẹn, a ó jọ kọ̀wé béèrè ẹ̀rọ, a ó sì kọ ohun tí a fẹ́ fi ṣe sínú ìwé náà.