Ọmọ Adétokúnbọ̀ Ṣì Wà Nílé

Alẹ́ Ọjọ́rú, ọjọ́ 22 oṣù Kẹwàá yìí, ni Milwaukee Bucks máa bẹ̀rẹ̀ sáà 2025 sí 2026. Washington Wizards ló ń bọ̀ wá bá wọn nílé. Aago méje alẹ́ ni lọ́hùn-ún, èyí tó já sí aago kan òru lọ́dọ̀ tiwa níbí. Tó bá di ìbẹ̀rẹ̀ oṣù Kọkànlá tí àwọn ará Amẹ́ríkà bá dá aago wọn padà sẹ́yìn, aago méjì òru ló máa di. A ti gbà bẹ́ẹ̀. Sáà karùn-ún wa rèé tí oorun wa kì í tó láti oṣù Kẹwàá títí di oṣù Kẹrin.

A mọ̀ pé bọ́ọ̀lù ẹlẹ́sẹ̀ ni ti ọ̀pọ̀ nínú yín. Arsenal ló ń sọ ẹ̀jẹ̀ yín di ríru, kí Ọlọ́run ṣàánú yín. Ti àwa, bọ́ọ̀lù alájùsáwọ̀n ni, básíkẹ́tì, àti ẹgbẹ́ kan ṣoṣo nínú rẹ̀, nílùú kan tí àwa fúnra wa ò lè tọ́ka sí lórí máàpù nígbà tí a bẹ̀rẹ̀. Ẹ jẹ́ ká sọ bó ṣe bẹ̀rẹ̀ ká tó sọ ohun tí a ń retí.

Òru ọjọ́ Iléyá ọdún 2021 ni. Ilé ìwé girama la ṣì wà. Ẹran ń bẹ nínú ìkòkò, gbogbo ilé ti yó, wọ́n ti sùn. Ẹ̀gbọ́n wa, àkọ́bí ilé wa, ló yọ́ wọ yàrá wá jí wa pé ká dìde, ká wá wo ọmọ Yorùbá kan. Jẹnẹrétọ̀ tí bàbá wa ní ká pa, Ẹ̀gbọ́n ti lọ tàn án padà. Eré kẹfà nínú àṣekágbá NBA ni, Bucks àti Phoenix Suns. A ò mọ òfin kankan. Ẹ̀gbọ́n ló ń sọ fún wa pé bí wọ́n bá ṣẹ̀ ọ́, wọ́n á jẹ́ kí o dúró lójú kan kí o ju bọ́ọ̀lù sáwọ̀n láìsí ẹni tó máa dí ọ lọ́wọ́, àti pé ohun tí Giannis ò mọ̀ ọ́n ṣe nìyẹn. Àwọn èrò ìlú tó bá lọ ti máa ń ka ení, èjì, ẹ̀ta fún un láti fi ṣe yẹ̀yẹ́, torí ó máa ń pẹ́ kó tó jù ú. Lóru ọjọ́ náà, ó ju 19, 17 wọlé. Àmì 50 ló gbà lápapọ̀. Bucks borí pẹ̀lú 105 sí 98, wọ́n gba ife ẹ̀yẹ àkọ́kọ́ láti ọdún 1971. Ariwo tí a pa pọ̀ débi pé màmá wa sáré jáde, wọ́n ní ta ló kú.

Orúkọ ẹ̀yìn aṣọ rẹ̀ ni a kọ́kọ́ ò gbà. Antetokounmpo, ọmọ Yorùbá kẹ̀? Ẹ̀gbọ́n mú bírò, ó ṣàlàyé rẹ̀ sẹ́yìn ìwé iṣẹ́ àṣetiléwá Táyé. Nínú lẹ́tà àwọn ará Gíríìsì, NT ni wọ́n fi ń kọ ìró D tiwa, MP ni wọ́n fi ń kọ B, OU sì ni U. Kọ Adétokúnbọ̀ sílẹ̀ lọ́nà tiwọn, kí o tún wá dá a padà sí ABD ní lẹ́tà kọ̀ọ̀kan, ohun tó máa jáde nìyẹn. Láti ọjọ́ náà, ojú wa ò rí orúkọ yẹn bí orúkọ òyìnbó mọ́. Bàbá rẹ̀, Charles, Yorùbá ni. Màmá rẹ̀, Veronica, Ìgbò ni. Ọdún 1991 ni wọ́n kúrò ní Èkó, tí wọ́n fi Francis, àkọ́bí wọn, sílẹ̀ ní Nàìjíríà lọ́dọ̀ àwọn òbí àgbà. Athens ni wọ́n bí Giannis sí lọ́dún 1994. Òun àti àwọn ẹ̀gbọ́n àti àbúrò rẹ̀ kiri aago ọwọ́ àti jígí ojú ní títì níbẹ̀ kí bọ́ọ̀lù tó gbé wọn. Nígbà tí a gbọ́ ìtàn yẹn lọ́jọ́sí, Giannis là ń káàánú. Báyìí, Francis la máa ń rò.

Ìdí ni pé Ẹ̀gbọ́n náà ti lọ. Oṣù Kìíní ọdún 2023 ló wọkọ̀ òfuurufú lọ sí England, àwa méjì la gbé báàgì rẹ̀ dé ẹnu ọ̀nà tí wọn ò ti jẹ́ ká kọjá. Ilé ìtọ́jú àwọn àgbàlagbà ló ti ń ṣiṣẹ́, iṣẹ́ òru sì ni. Tó bá pè wá lọ́sàn-án, ọ̀rọ̀ rẹ̀ ò ju mẹ́ta lọ: ṣé ẹ ti jẹun, ṣé owó yẹn wọlé, ẹ bá mi kí Mọ́mì. Bí a bá bi í pé báwo ni ibẹ̀, á ní a dúpẹ́. Ṣùgbọ́n bí Bucks bá ń gbá bọ́ọ̀lù tí kò sì sí lẹ́nu iṣẹ́, á pè wá lórí WhatsApp, á gbé fóònù kalẹ̀, wákàtí méjì àtààbọ̀ á kọjá. Àárín eré yẹn ló ti máa ń já ọ̀rọ̀ sílẹ̀. Ibẹ̀ la ti gbọ́ pé ilé tó ń gbé tutù, pé bàbá àgbà kan tó ń tọ́jú kú, pé ó fẹ́ padà wálé lọ́dún tó kọjá ṣùgbọ́n owó tíkẹ́ẹ̀tì ò jẹ́. Ẹ wá rí i pé nígbà tí a bá ní Bucks ò gbọdọ̀ tú ká, ó ju ọ̀rọ̀ bọ́ọ̀lù lọ.

Wọ́n sì fẹ́ẹ̀ tú ká lóòótọ́. Sáà tó kọjá, wọ́n borí eré 48 nínú 82, wọ́n wà ní ipò karùn-ún ní ìhà Ìlà-Oòrùn. Ní playoffs, wọ́n tún ko Indiana Pacers, àwọn tó ti lé wọn dànù ní 2024. Ní eré àkọ́kọ́, Kyle Kuzma lo ìṣẹ́jú tó lé ní ogún lórí pápá láìgba àmì kankan, láìmú bọ́ọ̀lù kankan tó ta padà, láìfún ẹnikẹ́ni ní bọ́ọ̀lù tó di àmì. Òdo gbáà! Ọkùnrin tí wọ́n fi Khris Middleton wa pààrọ̀ rẹ̀ ní oṣù Kejì nìyẹn. A ò tíì dárí jì wọ́n. Ní eré kẹrin, iṣan gìgísẹ̀ Damian Lillard já. Ní eré karùn-ún, Bucks fi àmì méje ṣíwájú nígbà tó ku bí ìṣẹ́jú àáyá ogójì nínú àfikún àkókò, wọ́n sì pàdánù rẹ̀: 119 sí 118. Ẹ̀gbọ́n wà lẹ́nu iṣẹ́ lọ́jọ́ yẹn. A fi ohùn ránṣẹ́ sí i, Kẹ́hìndé ń sunkún nínú rẹ̀ (Táyé ló ní ká kọ ọ́ síbí).

Lẹ́yìn náà ni bàbá Tyrese Haliburton, ọmọ Pacers tó ju bọ́ọ̀lù àjùkẹ́yìn yẹn wọlé, bọ́ sórí pápá, tó ń ju aṣọ ìnura tí àwòrán ọmọ rẹ̀ wà lára rẹ̀ síwájú Giannis. Wọ́n tọrọ àforíjì nígbà tó yá. Síbẹ̀, àgbàlagbà! Màmá wa wo fídíò náà, wọ́n kàn mi orí ni.

Nínú oṣù Keje, Bucks ṣe ohun tí a ò rí rí. Wọ́n dá Lillard sílẹ̀ pẹ̀lú owó tó kù tí wọ́n jẹ ẹ́, nǹkan bíi mílíọ̀nù 113 dọ́là, wọ́n pín in sí ọdún márùn-ún. Lọ́dọọdún, ó lé ní mílíọ̀nù 22 tí wọ́n máa máa san fún ẹni tí kò sí nílé. Ó ti padà sí Portland. Ààyè tí wọ́n rí níbẹ̀ ni wọ́n fi mú Myles Turner, láti Indiana kan náà. Ẹni tó bá wọn nà wá lọ́dún méjì tẹ̀lé ara wọn ló wá di ẹbí. Brook Lopez náà lọ sí Clippers. Nínú àwọn tó gba ife 2021, àwọn tó ṣẹ́ kù ò ju Giannis, Bobby Portis àti Thanasis, ẹ̀gbọ́n Giannis, lọ. Wọ́n tún mú Alex, àbíkẹ́yìn wọn, kún un, ni ọmọ Adétokúnbọ̀ bá di mẹ́ta nínú ẹgbẹ́ kan. Àwọn kan ń fi wọ́n ṣe yẹ̀yẹ́ pé àwọn àbúrò àti ẹ̀gbọ́n ń jẹun lábẹ́ rẹ̀. Ẹ bi ọmọ Yorùbá kankan bóyá ẹ̀ṣẹ̀ nìyẹn.

Kí la wá ń retí? Turner dùn mọ́ wa nínú. Ó ga, ó mọ bí wọ́n ṣe ń dí bọ́ọ̀lù, ó sì lè dúró lókèèrè ju alámì mẹ́ta wọlé. Ìyẹn túmọ̀ sí pé ẹni tó ń ṣọ́ ọ kò ní lè dúró sábẹ́ àwọ̀n, ọ̀nà á ṣí fún Giannis láti já wọlé. Iṣẹ́ tí Lopez ṣe fún ọdún méje nìyẹn. AJ Green àti Gary Trent Jr. náà lè jù ú láti òkèèrè. Ibi tí ẹ̀rù ti ń bà wá ni ẹni tó máa darí bọ́ọ̀lù. Kevin Porter Jr., Ryan Rollins, Cole Anthony: ọmọ dáadáa ni wọ́n, ṣùgbọ́n kò sí ẹni tó máa gbé ẹgbẹ́ ní ìṣẹ́jú méjì ìkẹyìn nínú wọn. Giannis fúnra rẹ̀ ló máa ṣe é, yóò sì rẹ̀ ẹ́. Sáà tó kọjá, ó lé ní àmì 30 tó ń gbà ní eré kan. Nínú oṣù Kẹsàn-án yìí, ó tún mú Gíríìsì gba ipò kẹta ní EuroBasket. Ìgbà wo ló sinmi?

Ohun kan ṣoṣo tó fún wa nírètí, ìrètí tó ń tini lójú díẹ̀ ni. Haliburton ti Pacers àti Jayson Tatum ti Boston, iṣan gìgísẹ̀ àwọn méjèèjì já nínú playoffs tó kọjá. Ìlà-Oòrùn ṣófo. Cleveland, New York àti Orlando lágbára jù wá, a ò ní purọ́. Kẹ́hìndé ní ipò kẹrin, Táyé ní ìkẹfà, a sì fẹnu kò sí ìkarùn-ún. Ife kọ́ là ń wá lọ́dún yìí. Eré púpọ̀ la fẹ́, kí wọ́n kàn má tètè já wa sílẹ̀ bíi ti ọdún mẹ́ta sẹ́yìn.

Ọ̀rọ̀ tó wà nílẹ̀ gan-an, ẹ ti mọ̀ ọ́n: ṣé Giannis máa dúró? Àwọn oníròyìn ní Knicks bá Bucks sọ̀rọ̀ nítorí rẹ̀ nígbà ìsinmi. Àwọn ará Milwaukee ti rí irú èyí rí. Kareem Abdul-Jabbar gba ife fún wọn ní 1971, ó ní òun ò fẹ́ gbébẹ̀ mọ́, wọ́n sì jọ̀wọ́ rẹ̀ fún Lakers ní 1975. Àádọ́ta ọdún ni ife méjèèjì fi jìnnà síra. Ẹ̀gbọ́n ti ní bí Giannis bá lọ, òun náà ti lọ nìyẹn. Orúkọ ló mú òun wá, orúkọ lòun máa tẹ̀ lé. Àwa ní rárá, Bucks la máa wò. A bá a jà lórí fóònù títí dátà fi tán. Ó ní kí ló dé tí a fi ń bínú sí ẹni tó fẹ́ lọ wá ibi tó dáa. A ò dá a lóhùn. Nígbà tí a gbé fóònù sílẹ̀, àwa méjì wo ara wa, a sì mọ̀ pé kì í ṣe Giannis nìkan là ń bínú sí. Nítorí Ẹ̀gbọ́n, bí Giannis bá dé New York lóòótọ́, ó ṣeé ṣe ká wo Knicks pẹ̀lú ìtìjú.

Ní báyìí ṣá, ó ṣì wà nílé. A ti ra dátà òru. Middleton wà lọ́dọ̀ Wizards báyìí, nítorí náà a máa pàtẹ́wọ́ fún ọ̀tá kan lọ́jọ́ náà. Ẹ̀gbọ́n ti bá ẹnìkan níbi iṣẹ́ pààrọ̀ ṣíìfù rẹ̀, ó ní òun á pè ní aago kan ku ìṣẹ́jú mẹ́wàá. Kíláàsì aago mẹ́jọ wà láàárọ̀ Ọjọ́bọ̀, ṣùgbọ́n Kẹ́hìndé, gẹ́gẹ́ bí àgbà, ti rán Táyé pé kó lọ bá wọn jókòó síbẹ̀. Ẹ̀yin tí a jọ wà ní kíláàsì, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má sọ fún olùkọ́ pé ìbejì ni wá.