Ọjọ́ Mẹ́ta Létí Adágún Ìkéré

Àwa tí a ń kọ ọ̀rọ̀ yìí jẹ́ tọkọtaya tí ó ti fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́ olùkọ́, a sì ń gbé ní Ìwéré-Ilé ní Òkè-Ògùn. Ó ti lé ní ọdún 35 tí a ti jọ ń gbé pọ̀. Ọmọ mẹ́ta ni Ọlọ́run fún wa: ọkùnrin kan wà ní Ìbàdàn, ọkùnrin kan wà ní Àbújá, obìnrin kan ṣoṣo tí a bí sì wà pẹ̀lú ọkọ rẹ̀ ní ìlú Manchester ní Ìlú Ọba. Kì í ṣe láti fi ara wa hàn ni a ṣe ń kọ̀wé. Ohun tí ó mú wa kọ ọ́ ni pé a mọ̀ pé irú ọ̀ràn tí ó dé bá wa wà nínú ọ̀pọ̀ ilé, tí àwọn onílé sì ń fi ẹ̀rín bò ó mọ́lẹ̀ nígbà tí àlejò bá wọlé.

Ọ̀ràn náà nìyí. Nígbà tí ọmọ wa obìnrin bí àkọ́bí rẹ̀, ìyá lọ tọ́jú rẹ̀, ó sì lo oṣù mẹ́fà gbáko lọ́hùn-ún, nítorí pé iye àkókò tí òfin Ìlú Ọba sábà máa ń fún ẹni tí ó bá wá kí ará rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà nìyẹn. Nígbà tí ó bí èkejì, ìyá tún lọ, oṣù mẹ́fà mìíràn sì tún kọjá. Ní oṣù kìíní ọdún, ìròyìn dé lórí ẹ̀rọ ìbánisọ̀rọ̀ pé ẹ̀kẹta ń bọ̀ lọ́nà. A yọ̀, a sì dúpẹ́. Ṣùgbọ́n bí a ti gbé ẹ̀rọ náà sílẹ̀, ọkọ wí pé, “Ìyá àwọn ọmọ, n kò ní gbà ní ọ̀tẹ̀ yìí.” Aya dáhùn pé, “Bàbá àwọn ọmọ, ṣé ẹ fẹ́ kí ọmọbìnrin kan ṣoṣo tí mo bí dá wà lórí ìkúnlẹ̀ ni?”

Láti ọjọ́ náà ni ọ̀rọ̀ ti tán nínú ilé wa. A ń kí ara wa ní òwúrọ̀, a jọ ń jẹun, a sì jọ ń gbàdúrà ní alẹ́. Ṣùgbọ́n bí ẹni méjì tí kò mọ ara wọn rí, tí ó kàn wọ ọkọ̀ kan náà, ni a rí.

Ó pé oṣù méjì tí a ti wà bẹ́ẹ̀ kí ọmọ wa tí ó wà ní Ìbàdàn tó wá kí wa. Kò bèèrè ohunkóhun, nítorí ọmọ tí a kọ́ kì í bọ́ sí àárín bàbá àti ìyá rẹ̀. Ṣùgbọ́n nígbà tí ó ń padà lọ, ó fi owó lé wa lọ́wọ́, ó ní kí a lọ sinmi létí adágún Ìkéré, kí a sì pa ẹja. Láti kékeré ni ó ti ń gbọ́ bí bàbá rẹ̀ ti ń ròyìn ìgèrè tí ó máa ń dẹ sí odò ẹ̀yìn oko nígbà èwe rẹ̀. Àwa méjèèjì kò fẹ́ lọ, ṣùgbọ́n kò sí ẹni tí ó fẹ́ jẹ́ ẹni àkọ́kọ́ tí yóò kọ̀. Báyìí ni a ṣe lọ.

Ìparí oṣù kẹta ni, lẹ́yìn òjò àkọ́rọ̀. A gba Òkèhò kọjá, a sì dé Ìṣẹ́yìn, ìlú àwọn ahunṣọ òfì, níbi tí a ti ra búrẹ́dì, epo pupa, kẹrosíìnì àti ìwọ̀ ẹja mẹ́wàá. Igi igbá àti igi ẹ̀mí dúró káàkiri nínú pápá, koríko tútù sì ti ń yọ lórí ilẹ̀ tí iná ẹ̀ẹ̀rùn ti jó.

Ó yẹ kí a sọ díẹ̀ nípa adágún yìí fún ẹni tí kò dé ibẹ̀ rí. Kì í ṣe adágún tí a bá láyé. Ọwọ́ ènìyàn ni ó ṣe é. Ní 1982, ní àkókò ìjọba Alhaji Shehu Shagari, ni a dá iṣẹ́ náà sílẹ̀, láti fi ògiri ńlá sé odò Ògùn ní àfonífojì Ìkéré. Ètò wọn ni pé omi náà yóò mú iná mànàmáná tí ó tó mẹ́gáwáàtì 37.5 wá, pé yóò bomi rin oko tí ó tó hẹ́kítà 12,000, àti pé yóò pèsè omi fún àwọn ìlú tí ó yí i ká àti fún Èkó pẹ̀lú. Ní ọjọ́ tí ó kẹ́yìn 1983 ni àwọn ológun gba ìjọba, iṣẹ́ náà sì falẹ̀ fún ọ̀pọ̀ ọdún. Síbẹ̀ omi kò dúró de ìjọba. Ó kún àfonífojì náà, ó sì tẹ́ lọ bí ẹní títí dé ẹ̀bá igbó ẹranko tí ìjọba àpapọ̀ ń pè ní Old Oyo National Park. Ẹja pọ̀ nínú rẹ̀, àwọn apẹja sì tẹ̀lé ẹja.

Ilé àlejò tí a wọ̀ jẹ́ ilé kékeré oníyàrá méjì, ó jìnnà sí ìlú, kò sì sí ohùn kan níbẹ̀ ní òru ju ti ọ̀pọ̀lọ́ lọ. Fìtílà ni a fi ríran. Pé àwa ń tan fìtílà létí omi tí a tìtorí iná mànàmáná sé pa wá lẹ́rìn-ín. Ṣùgbọ́n olúkúlùkù wa ni ó rẹ́rìn-ín tirẹ̀ lọ́tọ̀.

Ní ọjọ́ kìíní, a jókòó létí omi pẹ̀lú ọ̀pá ìwọ̀ wa. Ọkọ fi ekòló sí ìwọ̀ rẹ̀, ó sì jù ú jìnnà réré gẹ́gẹ́ bí ẹni tí ó mọ̀ ọ́n ṣe. Aya mú ẹ̀bà tí a jẹ kù, ó fi ṣe òkèlè kékeré kékeré, ó sì ju tirẹ̀ sí etí koríko tí kò jìnnà sí ẹsẹ̀ rẹ̀. Kí oòrùn tó ga, aya ti fa ẹpìyà mẹ́rin sókè, ọkọ kò sì rí ohunkóhun bí kò ṣe ewé. Ó ní ìwọ̀ tí wọ́n tà fún òun kò mú. Aya fi tirẹ̀ lé e lọ́wọ́ láìsọ̀rọ̀. Kò tún rí nǹkan kan. Ó ti kà á nígbà kan pé ọkùnrin Gẹ̀ẹ́sì kan tí ń jẹ́ Izaak Walton tẹ ìwé jáde ní 1653 nípa ẹja pípa, tí ó sì pe iṣẹ́ náà ní eré ìtura fún ẹni tí ń ṣàṣàrò. Ó ní bóyá ọ̀gbẹ́ni náà kò bá aya rẹ̀ lọ sí odò rí.

Nígbà tí ó ṣe, aya la ẹnu. Ó ní, “Bàbá àwọn ọmọ, ẹ̀sọ̀ ni wọ́n fi ń fà á. Bí okùn bá ti mì báyìí, ẹ máa ń já a gbà ni. Ẹnu rẹ̀ ni ẹ ó fà ya, ẹja á sì lọ.” Ohun tí a bá fi ẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́, bẹ́ẹ̀ ni àwọn àgbà wí, àwa méjèèjì sì mọ̀ pé kì í ṣe ẹja nìkan ni ọ̀rọ̀ náà ń bá wí. Ọkọ kò dáhùn.

Ní òwúrọ̀ kùtùkùtù ọjọ́ kejì, ọ̀dọ́mọkùnrin apẹja kan láti abúlé etí omi gbà láti fi ọkọ̀ rẹ̀ gbé wa lọ wo àwọ̀n tí ó dẹ mọ́jú. Ó mú ẹ̀wù tí kì í jẹ́ kí ènìyàn rì wá fún wa. Ọkọ kọ̀, ó ní òun mọ omi í wẹ̀. Apẹja náà dọ̀bálẹ̀, ó ní, “Bàbá, ẹ jọ̀ọ́. Igi tí omi bò mọ́lẹ̀ ń bẹ nísàlẹ̀ níbí. Igi kì í bèèrè bóyá ènìyàn mọ omi í wẹ̀.” Ọkọ wo aya, ó sì wọ ẹ̀wù náà.

A bá àrọ̀ méjì àti ọ̀bọ̀kún kan nínú àwọ̀n náà, pẹ̀lú ẹpìyà tí yóò tó ogún. Bí apẹja náà ti ń tú ẹpìyà kan tí ó fẹ̀ bí àtẹ́lẹwọ́ kúrò nínú àwọ̀n, ẹja náà la ẹnu, ọmọ ẹja wẹ́wẹ́ sì tú jáde láti ẹnu rẹ̀ sínú ọkọ̀, ọ̀pọ̀lọpọ̀, ojú wọn dúdú bí orí abẹ́rẹ́. Ọkọ kígbe pé, “Ẹ wo ọ̀dájú ẹja, ó ń jẹ ọmọ!” Ṣùgbọ́n aya, tí ó fi ọ̀pọ̀ ọdún kọ́ àwọn ọmọ ilé ẹ̀kọ́ girama ní ìmọ̀ nípa ẹ̀dá oníyè, mì orí rẹ̀. Ó ní kò jẹ wọ́n. Ó ń pa wọ́n mọ́ ni.

Ó wá ṣàlàyé fún wa. Irú ẹpìyà yìí wà nínú adágún Genesarẹti pẹ̀lú, níbi tí Pétérù ti ń ṣe iṣẹ́ apẹja. Ìdí nìyí tí Linnaeus, ọ̀mọ̀wé ará ilẹ̀ Swídìn, fi fún un ní orúkọ Gálílì ní 1758. Nígbà tí abo bá yé ẹyin tán, àti akọ àti abo ni ó máa ń kó o sí ẹnu. Wọ́n á máa gbé e kiri bẹ́ẹ̀ bí ọ̀sẹ̀ méjì, títí ẹyin á fi pa tí ọmọ á sì lè dá lúwẹ̀ẹ́, oúnjẹ kì í sì fi bẹ́ẹ̀ kọjá lọ́fun wọn ní gbogbo àkókò náà. Ó dákẹ́ díẹ̀ kí ó tó fi kún un pé, “Nígbà mìíràn ṣá, ọ̀kan nínú wọn á bá tirẹ̀ lọ, á fi gbogbo ẹrù náà sílẹ̀ sí ẹnu ìkejì.”

Ọkọ bi apẹja náà pé, “Èwo ni èyí, akọ ni tàbí abo?” Ó ní, “Bàbá, ó di ìgbà tí mo bá là á kí n tó lè sọ ọ́ dájú.”

Ọkọ wí pé, “Má là á.” A san owó rẹ̀. Apẹja náà bu omi sínú igbá, ó rọra kó àwọn ọmọ náà sínú rẹ̀, ó sì dá wọn padà sínú adágún pẹ̀lú òbí wọn. A kò mọ̀ bóyá ó tún rí wọn kó. Ẹnikẹ́ni kò sọ̀rọ̀ títí a fi gúnlẹ̀.

Ní alẹ́ ọjọ́ náà, ọkọ ni ó kọ́kọ́ sọ̀rọ̀. Ó ní, “Ìyá àwọn ọmọ, kì í ṣe oúnjẹ ni mo ń bá ọ jà sí. Nígbà tí o lọ lẹ́ẹ̀kejì, ibà dá mi dùbúlẹ̀ fún ọjọ́ mẹ́rin. Mo sọ fún ọ lórí ẹ̀rọ pé ara mi le. Ní òru ọjọ́ kẹta, mo ń rò ó pé bí mo bá kú, ọmọ tí ń pọn omi fún mi ni yóò kọ́kọ́ mọ̀.”

Aya dákẹ́ pẹ́ títí. Lẹ́yìn náà ó ní, “Ẹ̀yin náà kò bi mí rí bí ó ti rí lọ́hùn-ún. Bí ọmọ yín bá ti padà sẹ́nu iṣẹ́, tí ọkọ rẹ̀ náà lọ, èmi àti ọmọ ọwọ́ nìkan ni a máa ń kù nínú ilé tí a ti gbogbo fèrèsé rẹ̀. Ní ìgbà òtútù, kí agogo mẹ́rin ìrọ̀lẹ́ tó lù, ilẹ̀ á ti máa ṣú. Mo máa ń bá ìkòkò ọbẹ̀ sọ̀rọ̀ kí n lè gbọ́ Yorùbá. N kò sọ fún yín, nítorí mo mọ̀ pé ẹ ó ní kí n má lọ mọ́.”

Báyìí ni a rí i pé láti ọdún mélòó kan ni a ti ń fi irọ́ ṣe inú rere sí ara wa. Ọ̀kan ń wí pé ara òun le. Ìkejì ń wí pé inú òun dùn. Ẹnu àwa náà kún bí ti ẹja ọjọ́ náà, ìdí sì nìyẹn tí ọ̀rọ̀ kò fi lè jáde. Àwa méjèèjì sọkún, kò sì tì wá lójú láti kọ ọ́ síhìn-ín.

A kò yanjú ohun gbogbo ní òru kan. Ohun tí a fi ẹnu kò sí ni pé aya yóò lọ, ṣùgbọ́n oṣù mẹ́ta ni yóò lò, kì í ṣe mẹ́fà. Ìwé ọkọ̀ òfuurufú àlọ àti àbọ̀ ni a ó rà, kí ọjọ́ àbọ̀ wà lára rẹ̀. Ọmọ wa yóò gba ìsinmi ìbímọ tí ó tọ́ sí i, nítorí òfin Ìlú Ọba fún ìyá tí ń ṣiṣẹ́ oṣù láyè títí dé ọ̀sẹ̀ 52, ọkọ rẹ̀ náà sì lè pín nínú rẹ̀ bí wọ́n bá ní ẹ̀tọ́ sí i. Ọmọ ẹbí kan yóò máa wá sùn ti bàbá nílé. Ọkọ yóò sì kọ́ bí a ti ń se ọbẹ̀ ilá. Lékè gbogbo rẹ̀, òtítọ́ ni a ó máa sọ lórí ẹ̀rọ: bí ibà bá ń ṣe wá, ibà ni a ó pè é.

Ní òwúrọ̀ ọjọ́ kẹta, a gun òkè kan níbi tí ẹ̀rọ ìbánisọ̀rọ̀ ti lè ṣiṣẹ́, a sì pe ọmọ wa. A sọ gbogbo rẹ̀ fún un. Ó dákẹ́ tó bẹ́ẹ̀ tí a fi rò pé ìlà ti já. Nígbà náà ni ó wí pé, “Màmá, ẹ̀ẹ̀mejì ni mo gbọ́ tí ẹ ń bá ìkòkò sọ̀rọ̀. Ojú ń tì mí láti bi yín ni.” Òun náà ti di tirẹ̀ sí ẹnu.

Kí a tó kúrò níbẹ̀ ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ náà, ọkọ tún ju ìwọ̀ rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan sí i. Okùn mì, kò já a gbà. Ó rọra fà á, ó rọra fà á, àrọ̀ kan tí ó gùn bí apá sì bọ́ sórí koríko. Òun ni a yan, tí a sì gbé bọ̀ wá sí Ìwéré-Ilé, tí ọkọ sì fi se ọbẹ̀ àkọ́sè rẹ̀. Iyọ̀ pọ̀ jù nínú rẹ̀, aya sì sọ bẹ́ẹ̀ fún un, gẹ́gẹ́ bí àdéhùn wa.

Nítorí náà, ẹ̀yin òbí ẹlẹgbẹ́ wa tí ọmọ yín wà lókèèrè, kì í ṣe dandan kí ẹ lọ sí Ìkéré. Ṣùgbọ́n ní alẹ́ òní, nígbà tí ẹ bá jẹun tán, kí ẹ bi ẹnì kejì yín léèrè bí ó ti rí fún un ní tòótọ́, kí ẹ sì ní sùúrù títí yóò fi dáhùn. Ẹni tí ó bá dákẹ́, tara rẹ̀ a bá a dákẹ́.