Ibi Tó Yẹ Kí Rédíétọ̀ Kọ̀ǹpútà Wà

Àwọn tó ń fi kọ̀ǹpútà ńlá to fídíò ìgbéyàwó tàbí tí wọ́n ń fi í ta géèmù mọ̀ pé ooru ni ọ̀tá wọn. Ìdí nìyẹn tí àwọn kan fi ń ra èyí tó ń fi omi tu ara rẹ̀ lára. Ètò náà kò yàtọ̀ sí ti mọ́tò: omi á gbé ooru kúrò lórí ọpọlọ kọ̀ǹpútà, á gba inú rọ́bà dé rédíétọ̀, fáànù á fẹ́ ooru náà dànù, omi á sì padà sẹ́nu iṣẹ́.

Ọkùnrin kan tó ń fi fídíò títò bọ́ ìyàwó àti ọmọ mẹ́ta to tirẹ̀ fúnra rẹ̀. Ìsàlẹ̀ àpótí ló de rédíétọ̀ mọ́, nítorí pé ibẹ̀ ló ṣófo. Nígbà tó yá, ẹ̀rọ náà bẹ̀rẹ̀ sí í kùn bí ìkòkò tó fẹ́ hó. Ìyàwó rẹ̀ ló kọ́kọ́ gbọ́ ọ. Ọkọ ní fáànù ni. Kì í ṣe fáànù.

Omi tí wọ́n dí pa sínú irú ẹ̀rọ yìí kì í ṣàì ní afẹ́fẹ́ díẹ̀ nínú, omi náà a sì máa gba ara rọ́bà fẹ díẹ̀díẹ̀ bí ọdún ṣe ń gorí ọdún. Òkè ni afẹ́fẹ́ sì máa ń lọ. Bí rédíétọ̀ bá wà nísàlẹ̀, orí ọpọlọ, níbi tí pọ́ǹpù sábà máa ń wà, ló di òkè. Pọ́ǹpù á wá máa gbé afẹ́fẹ́ dípò omi. Bó ṣe ń kùn nìyẹn, bó sì ṣe ń kú nìyẹn. Bí ooru ọpọlọ bá sì ti sún mọ́ nǹkan bí 100°C, yóò dẹ ìrìn kó má baà jóná, iṣẹ́ tí oníbàárà ń retí á wá máa rìn bí ìgbín. Tọkọtaya náà gbé rédíétọ̀ sókè lálẹ́ ọjọ́ kan, ìyàwó di tọ́ọ̀ṣì mú. Ó tún kùn díẹ̀, ó sì dákẹ́.

Òkè àpótí ló dára jù. Bí kò bá gba ibẹ̀, iwájú náà ò burú, bí orí rédíétọ̀ bá ṣáà ti ga ju pọ́ǹpù lọ. Iwájú tilẹ̀ ń fún ọpọlọ ní atẹ́gùn tútù láti ìta, àmọ́ káàdì àwòrán ni yóò máa fa èyí tó ti gbóná. Kò sí rédíétọ̀ tó lè mú omi tutù ju afẹ́fẹ́ yàrá lọ, nítorí náà kí ẹni tó ń gbé Maiduguri má fi àpótí há àárín ògiri àti àga lóṣù kẹrin. Ti eruku ọyẹ́ náà ń bẹ níbẹ̀. Búrọ́ọ̀ṣì rírọ̀ ni kí wọ́n máa fi gbá a kúrò lára rédíétọ̀, lẹ́yìn tí wọ́n bá ti paná.