Ọkọ̀ Tí Ó Di Ilé

Àwọn àgbà ní ibi tí ìgbín bá fà ni ìkarahun ń tẹ̀lé e. Òwe yìí máa ń sọ sí wa lọ́kàn nígbà tí àwọn ọmọ ilé-kéwú wa bá bi wá pé: “Alùfáà, kí ló dé tí ẹ fi ń tẹnu mọ́ ẹ̀tọ́ arìnrìn-àjò àti ẹ̀tọ́ aládùúgbò tó báyìí?” Ìdáhùn wa kò sí nínú tírà nìkan. Ó wà nínú ìrìn-àjò tí ẹbí wa rìn láti Kánò sí Ìwó ní oṣù Ògọ́ọ̀sì 1993, nínú ọkọ̀ Volkswagen àtijọ́ kan.

Ọwọ́ òyìnbó Jámánì kan tí ó ń bá wọn ṣe ọ̀nà ní òkè ọya ni bàbá wa ti rà á, nígbà tí òyìnbó náà fẹ́ padà sí ìlú rẹ̀. Ọdún 1950 ni wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe irú ọkọ̀ bẹ́ẹ̀ ní Jámánì, wọn kò sì ṣíwọ́ ṣíṣe é ní Bùràsíìlì títí di ọdún 2013. Ṣùgbọ́n tiwa yàtọ̀. Ìjókòó ẹ̀yìn rẹ̀ ṣeé tẹ́ bí ibùsùn, kọ́bọ́ọ̀dù wà nínú rẹ̀, òrùlé rẹ̀ sì ṣeé gbé sókè débi tí ọmọdé méjì fi lè sùn síbẹ̀. Obì ni bàbá wa ń tà ní Sábọ̀n Gàrí, apò obì ni ó sì ń fi ọkọ̀ náà kó. Àwọn ará àdúgbò a máa ṣe yẹ̀yẹ́ pé Alhaji ra ilé tí kò ní ìpìlẹ̀.

Nígbà tí ó di ọjọ́ 23 oṣù Júùnù ọdún náà, ìjọba ológun fagi lé ìbò June 12 tí Alhaji M.K.O. Abíọ́lá ń borí nínú rẹ̀. Ẹ̀rù ba àwọn ènìyàn káàkiri. Àwọn tí ó rántí ohun tí ojú rí ní 1966 ní àwọn kò ní dúró wo ìparí rẹ̀. Gáréèjì kún, owó ọkọ̀ lọ sókè. Ìyá wa ní kí a máa lọ sílé. Bàbá wa ní òun kò ṣẹ ẹnikẹ́ni ní Kánò, kí ni òun ń sá fún? Ọjọ́ mẹ́ta ni ilé wa kò fi rójú. Ní òru ọjọ́ kẹta ni aládùúgbò wa, Málàm kan tí ó jẹ́ Haúsá, wá bá bàbá wa. Ó ní: “Alhaji, kó àwọn ọmọ lọ, kí ọkàn ìyá wọn lè balẹ̀. Fi kọ́kọ́rọ́ ilé sílẹ̀ fún mi.”

Bí a ti kírun àsùbáà tán ni a gbéra, bàbá, ìyá àti àwa ọmọ márùn-ún. Bàbá kò ṣí iná ọkọ̀ títí tí ó fi ka àdúà ìgùn tí ó wà nínú Súrátù Súkúrúfù. Ọ̀nà náà ju kìlómítà 800 lọ. Nígbà tí a kọjá Kàdúná, a dúró, a kí Àyílà ní rakah méjì, Alásàrí ní rakah méjì. Àbúrò wa béèrè pé ṣé Ọlọ́hun kò ní bínú pé a dín ìrun kù. Bàbá ní: “Ẹ̀bùn Rẹ̀ ni fún arìnrìn-àjò. A kì í kọ ẹ̀bùn.”

A ti kọjá Tẹ́gínà àti Kòǹtàgórà, ilẹ̀ sì ti ń ṣú, òjò ń rọ̀, kí bẹ́líìtì ẹ̀rọ tó já nítòsí Mókwá. Àwọn ènìyàn gbé omi wá kí a dà á sí ẹ̀ńjìnnì, wọn kò rí ibi tí wọn yóò dà á sí, nítorí afẹ́fẹ́ ni ó ń tu ẹ̀ńjìnnì ọkọ̀ náà lára, kì í ṣe omi. Bẹ́líìtì yẹn ni ó sì ń yí fáànù tí ń fẹ́ ẹ. Bí ó ti já yìí, ọkọ̀ kò gbọdọ̀ rìn mọ́. Ìyá wa kò sọ̀rọ̀. Ó kàn ń ka àwọn ọmọ rẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan.

Mẹkáníìkì kan tí ó jẹ́ Núpé ni Ọlọ́hun rán sí wa. Ó wo ẹ̀ńjìnnì, ó lọ sílé, ó tú bẹ́líìtì ọkọ̀ ìjàpá tirẹ̀, nítorí ọ̀kan náà ni wọ́n ń lò. Kò gba kọ́bọ̀. Ó ní kí a má rìn lóru. Ẹ̀gbẹ́ mọ́sálásí wọn ni a tẹ́ ibùsùn òyìnbó sí, ìyá wa dáná, àwọn ọmọ mẹkáníìkì náà sì bá wa jẹun.

Ní òwúrọ̀, a gba afárá Jẹ́bà kọjá odò Ọya. Ìlọrin, Ògbómọ̀ṣọ́, Ọ̀yọ́, a sì dé Ìwó. Inú ẹbí dùn, ṣùgbọ́n àyè kò sí. Gbogbo ẹni tí ó wà lẹ́yìn odi ni ó ti dé ṣáájú wa, ilé tí bàbá wa ń kọ́ kò sì tíì kọjá lẹ́ńtẹ̀lì. Nínú ọkọ̀ náà, ní àgbàlá bàbá bàbá wa, ni a sùn fún ọ̀sẹ̀ mẹ́fà. A délé, a kò ní ilé. Ẹnì kan sì ń gbá àgbàlá ilé wa ní Kánò lójoojúmọ́.

Nígbà tí nǹkan rọlẹ̀, bàbá wa padà síbẹ̀. Málàm ti bá a gba gbèsè lọ́wọ́ àwọn oníbàárà, ó fi lẹ́tà Lárúbáwá kọ ọ́ ní èdè Haúsá, orúkọ àti iye owó. Kò sí èyí tí ó dín.

Ẹ̀yin ọ̀dọ́ Mùsùlùmí, ẹ kọ́lé sí ìlú yín, ó dára. Ṣùgbọ́n bíríkì nìkan kọ́ ni ilé. Ibi tí àmánà bá wà ni ọkàn ènìyàn ti ń balẹ̀. Ẹ bi ara yín léèrè: bí aládùúgbò yín tí kì í ṣe ẹ̀yà yín bá fẹ́ sá lóru òní, ṣé ẹ̀yin ni yóò fi kọ́kọ́rọ́ rẹ̀ lé lọ́wọ́? Kí Ọlọ́hun ṣe wá ní ẹni tí a lè fi nǹkan pamọ́ sí lọ́wọ́. Àmín.