Mo Sanwó, Ṣùgbọ́n Kì Í Ṣe Tèmi

Ọ̀rọ̀ òní lè ya àwọn kan lẹ́nu pé kí ló kan pásítọ̀ kan ọ̀rọ̀ géèmù orí kọ̀ǹpútà. Ẹ fara balẹ̀ kà á dópin. Ẹ̀bi ara mi ni mo fẹ́ jẹ́wọ́.

Mo ṣèlérí fún àbíkẹ́yìn mi pé tó bá ṣe dáadáa nínú ìdánwò, màá ra géèmù kan fún un. Ọmọ náà ṣe dáadáa. Mo kó ₦18,000 sílẹ̀, ẹ̀gbọ́n rẹ̀ fi káàdì bá a san án, inú gbogbo wa dùn.

Kò ju oṣù mẹ́ta lọ, ó wá bá mi lálẹ́ ọjọ́ kan tí mo ti ìsọjí dé, tó ti rẹ̀ mí. "Dádì, ẹ jọ̀ọ́, géèmù yẹn ò ṣí mọ́. Wọ́n tún ní kí n ra dátà."

Mo fà yọ. "Géèmù tí mo ti sanwó rẹ̀ tán? O ti fẹ́ sọ mí di báńkì!" Mo ní irọ́ ló ń pa, mo gba kọ̀ǹpútà lọ́wọ́ rẹ̀. Ọmọ ọdún mẹ́rìnlá. Omijé lé ròrò lójú rẹ̀, kò fèsì.

Ọjọ́ kẹta ni ìyàwó mi sọ fún mi pé, "Dádì, ẹ tiẹ̀ jókòó tì í ná, kí ẹ fojú ara yín rí i." Mo jókòó.

Ẹ gbọ́ ohun tí mo rí. Ó ṣí ìsọ̀ orí íntánẹ́ẹ̀tì tí a ti ra géèmù náà, ó tẹ páásíwọ́ọ̀dù, ó wọlé. Ó tẹ géèmù. Géèmù ò jáde o! Ilẹ̀kùn mìíràn ló yọ, ti iléeṣẹ́ tó ṣe géèmù náà. Èyí náà ní kó mú orúkọ àti páásíwọ́ọ̀dù wá, ọ̀tọ̀ sí ti àkọ́kọ́. Ó fi sí i. Wọ́n ní àwọn ti fi nọ́ńbà ránṣẹ́ sí ímeèlì rẹ̀. Ímeèlì wo? Èyí tí ọmọ tó ń ṣiṣẹ́ ní business centre bá wa ṣí nígbà tí a ń forúkọ sílẹ̀ fún ilé ìwé, pẹ̀lú láìnì tó ti sọnù. Nígbà tí a wá ọ̀nà yẹn já, ó ku kó gba àtúnṣe tuntun wọlé, dátà rẹpẹtẹ. Ibẹ̀ ni wọ́n ti mú iná lọ.

Ó dà bí ẹni tó fẹ́ wọ yàrá ara rẹ̀, tí mẹ́gáàdì mẹ́ta dúró lẹ́nu ọ̀nà, tí kálukú wọn ń bèèrè ìwé tirẹ̀. Ọmọ mi ò parọ́. Èmi ni mi ò mọ nǹkan tí mo rà.

Mo bá ní kó ṣàlàyé fún mi, èmi náà sì ka díẹ̀ sí i. Launcher ni wọ́n ń pe àwọn ilẹ̀kùn yẹn. Ọdún 2003 ni iléeṣẹ́ Valve gbé Steam jáde. Nígbà tí Half-Life 2 dé ní 2004, ẹni tó ra díìsì rẹ̀ nínú ṣọ́ọ̀bù pàápàá gbọ́dọ̀ gba ọ̀dọ̀ Steam kọjá kó tó lè ṣe é. Àwọn yòókù rí i, wọ́n ṣe tiwọn: EA ní tirẹ̀, Ubisoft ní tirẹ̀, Epic Games ṣí ìsọ̀ tirẹ̀ ní 2018. Ó wá di pé géèmù kan tí o rà ní Steam lè tún ní kó o gba ẹnu ọ̀nà Ubisoft tàbí EA wọlé.

Ṣé ẹ̀ ń bá mi lọ? Wàhálà ẹnu ọ̀nà kéré. Ẹ jẹ́ ká bèèrè ta ló ni ilé.

Géèmù ọkọ̀ kan wà tó ń jẹ́ The Crew, Ubisoft ló gbé e jáde ní 2014. Àwọn èèyàn fowó gidi rà á. Ní ọjọ́ 31 oṣù kẹta 2024, iléeṣẹ́ náà pa sáfà rẹ̀. Nítorí pé géèmù yẹn ò lè ṣiṣẹ́ láìsí sáfà, kódà fún ẹni tó ń dá ṣeré, ó parí nìyẹn. Ó dunni débi pé Ross Scott, ọmọ Amẹ́ríkà kan, dá ìpolongo Stop Killing Games sílẹ̀ lọ́dún yẹn, ìbuwọ́lù tó lé ní mílíọ̀nù kan ni wọ́n sì kó jọ ní Yúróòpù ní 2025. California náà ṣòfin tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní 2025: bí oníṣòwò bá fẹ́ kọ "rà" sára irú ọjà bẹ́ẹ̀, ó gbọ́dọ̀ là á yé oníbàárà pé àṣẹ láti lò ó ló ń gbà.

Kì í ṣe géèmù nìkan o. Ní 2009, Amazon pa ìwé George Orwell rẹ́ kúrò nínú Kindle àwọn tó ti sanwó rẹ̀, torí pé ẹni tó gbé e síbẹ̀ ò ní ẹ̀tọ́ láti tà á. Wọ́n dá owó padà, wọ́n sì tọrọ àforíjì. Ṣùgbọ́n ronú ná: ẹni tó ta ìwé fún ẹ, ó wọ yàrá ẹ lóru, ó gbé e lọ, ó fi owó sórí tábìlì.

Àyálégbé ni wá, ẹ̀yin ará. A rò pé onílé ni wá.

Mo rántí Jeremáyà, orí 32. Wọ́n ti ṣe é mọ́ àgbàlá ẹ̀ṣọ́, ogun Bábílónì yí ìlú ká, síbẹ̀ ó ra ilẹ̀ Anatoti lọ́wọ́ ọmọ arákùnrin bàbá rẹ̀. Ó wọn ṣékélì fàdákà 17, ó pe ẹlẹ́rìí, ó kọ ìwé méjì, èyí tí wọ́n fi èdìdì dì àti èyí tó ṣí sílẹ̀, ó ní kí Bárúkù kó wọn sínú ìkòkò amọ̀ kí wọ́n lè pẹ́. Wòlíì ni, ó gbọ́ ohùn Ọlọ́run, síbẹ̀ ó gba ìwé! Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ti bá ọmọ onílẹ̀ ra ilẹ̀ rí mọ ohun tí mò ń sọ.

Kí n má ṣèké, ọ̀nà tuntun yìí ní rere tirẹ̀. Bí kọ̀ǹpútà bá bàjẹ́, o lè gba géèmù ẹ padà sórí òmíràn, nígbà tó jẹ́ pé díìsì tó bá ti ha, ó ha náà nìyẹn. Ṣùgbọ́n kásẹ́ẹ̀tì orin tí mo rà ní 1994 ṣì wà nílé mi. Mo ti yá èèyàn, mo ti gbà á padà. Bí mo bá kú, àwọn ọmọ mi á jogún ẹ̀. Àdéhùn Steam ò gbà kó o ta àkáǹtì ẹ tàbí kó o gbé e fún ẹlòmíràn.

Torí náà, ẹ̀yin òbí: ẹ ṣí ímeèlì tí ẹ̀yin fúnra yín mọ̀ páásíwọ́ọ̀dù ẹ̀, kí ẹ kọ ọ́ sínú ìwé. Kí ẹ tó sanwó, ẹ bèèrè bóyá géèmù náà ń fẹ́ ilẹ̀kùn kejì, bóyá ó lè ṣiṣẹ́ láìsí íntánẹ́ẹ̀tì. Àwọn ìsọ̀ kan wà, bíi GOG, tó ń jẹ́ kó o gba fáìlì géèmù tó o rà sọ́wọ́, kó o tọ́jú ẹ̀ síbi tó wù ẹ́.

Èyí tó kẹ́yìn ló ṣòro jù fún mi. Mo pe ọmọ mi, mo ní, "Mo pè ọ́ ní òpùrọ́, o ò parọ́. Má bínú." Ó wò mí títí. Ó ní, "Ẹ ṣeun, Dádì." Ó wá bi mí bóyá mo fẹ́ kọ́ bí wọ́n ṣe ń ṣe é. Ó ti nà mí ní góòlù mẹ́fà sódo.

Kí á tó pe ọmọ wa ní òpùrọ́, ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ jókòó tì í. Mo gbà á ládùúrà pé ohun tí o bá fi òógùn ojú rẹ rà, ilẹ̀kùn rẹ̀ ò ní tì mọ́ ọ lórúkọ Jésù. Ẹ ṣe Àmín kíkan.